Odi Amọ̀sun àti Ìbọn Baba Mi

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ẹ̀yìn, nítorí ohùn mi kò ròkè mọ́ bí ó ti ń ròkè nígbà tí ẹranko bá gbọ́ ikọ́ mi tí ó ń kó ọmọ rẹ̀ sá. Ẹni tí yóò bá wúkọ́, kí ó tètè wú u. Ẹni tí yóò bá sì sọ pé irọ́ ni mo ń pa, bí irú Làmídì onígbàjámọ̀ tí ó ti ń fi ojú kan wò mí láti ìgbà tí mo ti jókòó, kí ó ṣe sùúrù kí n parí. Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ mi wà ní ẹnu mi, ẹ ó sì rí i kí n tó dákẹ́.

Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ọdẹ́niyì, ará Ìgbòròkò. Èmi ni mo tọ ipasẹ̀ ẹkùn lórí àpáta tí òjò ti fọ̀. Èmi ni erin pàdé ní ojú ọ̀nà tóóró, tí erin yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó ní kí n máa kọjá lọ. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ọkùnrin tí ó ṣí fìlà níwájú ilé tí a fi bíríkì mọ. Bí irú mi bá ṣí fìlà, ẹ fi ojú inú wo ohun tí ẹ̀yin ìbá ṣe.

Nígbà tí baba mi kú, a sin òkú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò tíì sin ọdẹ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣípà fún un: a ó kó gbogbo ohun ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó, a ó sun ìrèmọ̀jé, a ó yìnbọn sókè, a ó sì sọ fún un pé iṣẹ́ ti parí, kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Ọdẹ tí a kò bá ṣípà fún kò tíì lọ. A rí àpò baba mi, a rí àdá rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ tí ó ní ìṣẹ́po létí, ṣùgbọ́n a kò rí ìbọn rẹ̀, ṣakabùlà tí a fi awọ ìgalà dì ní ìdí; ìbọn àyálò ni ó ti ń lò láti kí wọ́n tó bí mi. Láti ọjọ́ tí ó sì ti kú ni a ti ń gbọ́ súfèé rẹ̀ lẹ́yìn ilé wa bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀. Bí súfèé náà bá ti dún, ìyá mi Àyọ̀ká, tí ó wà nínú aṣọ ọ̀fọ̀ tí kò lè bọ́ títí a ó fi ṣípà, yóò gbé ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì dúró bí ẹni tí a pè tí kò mọ ibi tí yóò yà sí.

Ìyá mi lọ bá Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ ìlú wa. Ó ní, “Olúọdẹ, ẹ fi ìbọn mìíràn ṣe é. Ṣé ìbọn kò jọra ni?”

Olúọdẹ ní, “Ìyàwó wa, bí a bá ní kí o ṣọ̀fọ̀ ọkọ mìíràn dípò tìrẹ, ṣé o ó gbà?”

“Bí ó bá jẹ́ irú yín ni ọkọ náà, n kò ní ṣọ̀fọ̀ rárá. Ijó ni n ó jó.”

Olúọdẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ wá le. Ó yíjú sí mi. “Ọdẹ́rìndé, òjò àkọ́rọ̀ ti ń kó ara jọ. Bí ó bá rọ̀ kí a tó ṣípà fún baba rẹ, yóò pa ipasẹ̀ rẹ̀ rẹ́, kò sì ní mọ ọ̀nà lọ mọ́ láéláé. Níbo ni ó sọ pé ìbọn náà wà?”

“Ó ní ó wà ní ẹnu ibodè Odi Amọ̀sun.”

Gbogbo ọdẹ tí ó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Odi Amọ̀sun ni ilé olódi tí àwọn ará àtijọ́ fi amọ̀ sísun mọ sí àárín igbó, tí kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́ yàtọ̀ sí baba mi. Ó júwe ọ̀nà náà fún mi lórí àìsàn, ó ní, “Mo kí oníbodè wọn dáadáa. Mo gbé ìbọn mi kalẹ̀ lórí ewé bí ọmọlúàbí. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, n kò lè gbé e mọ́.” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọdẹ tí a kọ́ dáadáa kì í gbé ìbọn léjìká wọ abà ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni í gbé e sí, tí yóò sì tẹ́ ewé sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí baba mi ṣe nìyẹn, n kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀.

N kò ní fi bí mo ti ń sùn àti bí mo ti ń jí lọ́nà da yín láàmú. Ọ̀sán gangan ni mo dé etí yàrà tí ó yí odi náà ká. Ẹ gbọ́ o! Yàrà tí ẹ̀yin mọ̀, tí ewúrẹ́ ń jẹko nínú rẹ̀, ọmọdé ni. Igi ìrókò hù sínú yàrà yìí, orí wọn kò sì dé ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi wà. Mo ń wo ẹ̀yìn ẹyẹ tí ń fò nísàlẹ̀ mi. Ní òdìkejì ni odi náà wà. Bíríkì lórí bíríkì, pupa bí epo tuntun, ó gùn sí ọ̀tún títí ojú mi fi rẹ̀, ó gùn sí òsì bákan náà. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí òkùnkùn ti ń kóra jọ sí ìdí rẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn yòò lórí rẹ̀. Mo ṣí fìlà. N kò mọ ìgbà tí mo ṣí i. Ọwọ́ mi ni ó ṣe é láìbi mí léèrè.

“Dé fìlà rẹ,” ni ohùn kan wí. “Kò tíì kan ibẹ̀.”

Obìnrin kan jókòó ní ẹnu ebu, níbi tí wọ́n ti ń sun amọ̀ láyé àtijọ́. Irun rẹ̀ jẹ́ eérú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ amọ̀ tí ó ti jinná, tí ó máa ń dún woro bí ó bá pa wọ́n pọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó bi mí pé, “Ọdẹ, kí ni ó wà ní èjìká rẹ?”

“Ìbọn ni, ìyá.”

“Kí ni ó wà lábẹ́ ìbọn?”

“Èjìká mi ni.”

“Kí ni ó wà lábẹ́ èjìká?”

“Àyà mi ni.”

“Kí ni ó wà nínú àyà?”

“Ìgboyà ni!” ni mo dáhùn, mo sì na ọrùn.

Ó rẹ́rìn-ín. “Mo ti ń gbọ́ ọ láti àárọ̀. Ó ń dún gbì-gbì-gbì bí ẹni ń gúnyán. Ṣé bí ìgboyà ti ń dún nìyẹn ní ayé yín?”

Mo sọ ohun tí mo wá ṣe fún un. Ó fi ọwọ́ amọ̀ rẹ̀ kan ojú mi, ó ní ojú baba mi ni mo gbé wá. Ó fi àtẹ̀gùn kan hàn mí tí ó sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà tí ó sì gun òkè lọ sí òdìkejì. Ìgbésẹ̀ kan ni ó yẹ̀ láàárín rẹ̀, ibi tí ó yẹ̀ sì fẹ̀ ju ohun tí ẹsẹ̀ ènìyàn lè fò lọ. “Fún àlejò kọ̀ọ̀kan ni ìgbésẹ̀ kan máa ń yẹ̀. Bíríkì kan ni n ó sun fún ọ láti fi dí i,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n amọ̀ mi kì í jinná lásán. Ohun tí ó dùn mọ́ ènìyàn lẹ́nu jù lọ ni mo fi ń pò ó.”

“Kí ni baba mi fún yín?”

“Ó fún mi ní ẹ̀rín rẹ̀.”

Ẹ̀yin ará mi, ìgbà náà ni mo tó mọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ lẹ́nu ìyá mi pé ọkọ òun lẹ́rìn-ín lẹ́nu kí ó tó lọ sí ìrìn-àjò kan, pé nígbà tí ó padà, inú rẹ̀ máa ń dùn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín mọ́. A rò pé àgbà ni ó dé sí i.

“Kí ni ìwọ ní?” ni obìnrin náà bi mí.

Mo wá inú mi títí. Ohun tí ó dùn mọ́ mi lẹ́nu jù lọ ni bí mo ti pa ẹfọ̀n odò Àsàmú. Gbogbo yín ti gbọ́ ọ rí. Mo jókòó, mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo sì ti ń sọ ọ́ ni ó ń pò ó mọ́ amọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti kúrò lẹ́nu mi, ó kúrò lọ́kàn mi. Lónìí, mo mọ̀ pé ẹfọ̀n kan wà. Mo mọ̀ pé ó kú. Bí ó ti kú, bí mo bá la ẹnu láti sọ ọ́, èéfín ni ó ń jáde. Ẹ wò ó! Ẹ rí i? Làmídì, o rí i?

Làmídì ní ọpẹ́lọpẹ́ ìyá náà lára àwa ará ìlú. Ẹ jẹ́ kí ó máa rẹ́rìn-ín.

Bíríkì náà jinná, obìnrin náà sì dìde. “Kí o tó dé ibodè, wá wo ohun tí wọ́n ń ṣọ́.” Ó fi bíríkì náà dí ibi tí ó yẹ̀, ó mú mi gba àtẹ̀gùn náà dé òdìkejì, ó sì mú mi rìn yí odi ká. Ó fi ọjà wọn hàn mí, níbi tí àga òkúta tò lọ bẹẹrẹ, tí ìjókòó àwọn oníbàárà ti fi kòtò sí ojú òkúta kọ̀ọ̀kan, tí ewé gbígbẹ ìgbà pípẹ́ sì kún inú kòtò náà. Ó fi kànga wọn hàn mí. Mo wo inú rẹ̀, n kò rí ojú mi nínú omi náà. Ojú àwọn obìnrin tí wọ́n ti pọn ọ́n rí ni mo rí, wọ́n ń wo òkè, wọ́n ń dúró de ìgbà tí okùn yóò sọ̀ kalẹ̀. Ó fi àgbá ogun wọn hàn mí, irin ńlá tí ó dojú kọ odò Àsàmú, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà ilé. Etu kan dùbúlẹ̀ sí ẹnu àgbá náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó wò mí, kò sá. Èmi Ọdẹ́rìndé, mo rí etu ní ibi tí ọwọ́ mi tó o, n kò gbé ìbọn. Mo rìn lórí ìka ẹsẹ̀ kí n má baà jí ọmọ rẹ̀.

“Ìyá, kò sí ènìyàn kankan níbí,” ni mo wí. “Kí ni wọ́n wá ń ṣọ́?”

“Ohun tí o rí yẹn ni,” ni ó dáhùn. “Wò ó, baba rẹ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìwà rere ni ó dè é mọ́lẹ̀. Ó dìgbà.” Ó yí padà sí ẹnu ebu rẹ̀, ó fi mí sílẹ̀ síwájú ibodè.

Oníbodè náà ga tó igi àgbọn, erùpẹ̀ bíríkì bo ìpéǹpéjú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí ó ti gbàgbé bí a ti ń sùn. Ó kí mi ní ìkíni tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. “Ọdẹ aperin, kú ìrìn. Kú ewu igbó. Kú àárẹ̀ ẹsẹ̀. Omi nìyí, àga nìyí. Sọ ẹrù rẹ kalẹ̀, kí o jókòó.”

Ara mi tù. Mo já ewé, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ tán láti gbé ìbọn mi lé e, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti di ọdẹ, nígbà tí súfèé kan dún láti orí odi. Súfèé kan tí ó gùn, tí a gé kúrú lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, súfèé yẹn ni baba mi fi ń sọ fún mi pé: dúró, pàkúté wà ní iwájú ẹsẹ̀ rẹ.

Mo dúró. Mo gbójú sókè. Orí odi náà kún fún àwọn ọdẹ tí wọ́n dúró gbọnrangandan, tí wọ́n kọjú sí odò, tí wọn kò yíjú. Mo rí ẹ̀yìn baba mi láàárín wọn. Nígbà náà ni mo wo inú ibodè, mo sì rí àwọn ìbọn tí ó tò sí ara ògiri, ewé tútù lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni pé ìṣẹ́jú yìí ni a já a. Mo rí ìbọn ṣakabùlà tí a fi awọ ìgalà dì ní ìdí.

“Baba, kí ni ìdí tí àwọn ìbọn wọ̀nyí fi wà níbí?” ni mo bi oníbodè.

“Ẹni tí ó bá gbé ìbọn kalẹ̀ ní ibodè odi ti gba ìṣọ́. Òfin ọba wa nìyẹn. Bí ó bá kú, yóò wá gun òkè.”

“Èyí tí ó wà lórí òkè lọ́hùn-ún, baba mi ni. Mo wá gba ìbọn rẹ̀ kí n lè ṣípà fún un.”

“Gbé tìrẹ kalẹ̀, kí o gbé tirẹ̀ lọ. Odi kò gbọdọ̀ dín.”

Ẹ̀yin tí ẹ ní baba, kí ni ẹ bá ṣe? Mo ro aṣọ ọ̀fọ̀ ìyá mi. Mo gbọ́ ààrá òjò láti òkè odò. Ọwọ́ mi tún ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, súfèé baba mi sì tún dún, ó dún kíkankíkan. Inú bí mi. Mo ní n ó ké akin, igbe tí ọdẹ fi ń ròyìn agbára rẹ̀, láti fi dẹ́rù ba oníbodè náà, bí a ti ń ṣe fún ọ̀tá. Mo la ẹnu láti ké bí mo ti pa ẹfọ̀n odò Àsàmú, èéfín ni ó jáde. Mo tún la ẹnu, èéfín ni. Oníbodè náà ń dúró. Ẹnu mi ṣófo. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù níbẹ̀ ni oríkì tí ìyá mi fi ń jí mi ní òwúrọ̀, òun ni ó sì bọ́ jáde:

“Ọmọ Ìkòyún, ọmọ àlùkò tí í lúwẹ̀ẹ́ tí ìyẹ́ rẹ̀ kì í tutù,
Ọmọ a-tukọ̀-lọ-tukọ̀-bọ̀, odò kò gbọdọ̀ bínú,
Jí, ilẹ̀ ti mọ́, omi ti ń pè ọ́.”

Oníbodè náà di ọ̀kọ̀ ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. “Níbo ni o ti gbọ́ ìyẹn? Òun ni àwọn ará Ìkòyún ń ké láti òdìkejì yàrà bí wọ́n bá ń bọ̀ wá jà! Àwọn ni a ń ṣọ́!”

“Lẹ́nu ìyá mi ni. Ọmọ Ìkòyún ni.”

“Wọ́n kó o lẹ́rú?”

“Wọ́n gbé e níyàwó ni. Baba rẹ̀ gba iṣu, ó gba oyin, ó ní iyọ̀ kò tó. Ni wọ́n bá jà.”

“Wọ́n jà!” Ó gbé ọ̀kọ̀ sókè.

“Lórí iyọ̀ ni mo wí, baba. Nígbà tí àwọn ará ilé wa bu iyọ̀ sí i, gbogbo wọn jó. Bí ọdún bá yí po, àwọn ará Ìkòyún ni wọ́n máa ń wá bá wa kórè. Wọn a máa jẹun jù, ṣùgbọ́n wọn kò bá wa jà.”

Ó sọ ọ̀kọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. “Ogun ti parí?”

“Baba tí ó bí baba mi kò bá ogun náà láyé.”

“Ọba ní kí a má sọ̀ kalẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi wá sọ fún wa pé ó ti parí.”

“Kò sí ẹni tí ó wá?”

“Ọ̀pọ̀ ọdẹ ni ó wá. Akin ni gbogbo wọn ń ké. Bí a bá ti gbọ́ akin, a ó tún di ọ̀kọ̀ mú ṣinṣin, nítorí pé bí ogun ti ń dún nìyẹn. Àwọn tí ó wà lókè kò sì lè sọ ohunkóhun, súfèé nìkan ni òfin fún wọn.” Ó jókòó sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó jókòó láti ìgbà tí a ti mọ odi náà nìyẹn. “Ké e lẹ́ẹ̀kan sí i. Ké oríkì ìyá rẹ.”

Mo ké e. Ó ń gbọ́ ọ bí ọmọ tí a ń jí. Nígbà tí mo parí, ojú rẹ̀ ṣẹ́, ó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, erùpẹ̀ bíríkì sì dà sílẹ̀ lára rẹ̀. Ó ní, “Yìnbọn sókè, ọdẹ. Sọ fún wọn.”

Mo gbé ìbọn mi, mo yìn ín sí ojú ọ̀run. Ìró rẹ̀ yí odi náà ká, ó sọ̀ sínú kànga, ó gba ẹnu àgbá kọjá, ó sì tún padà wá bá mi. Gbogbo ewé tí ó wà lábẹ́ àwọn ìbọn rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tí ó wà lókè yíjú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ọ̀wọ́ kan tẹ̀ lé ọ̀wọ́ kan, ẹsẹ̀ wọn kò dún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì rí ẹsẹ̀ baba mi tí ó kọjá ní ẹ̀gbẹ́ orí mi. Kò dúró, n kò sì pè é, nítorí pé a kì í pe ẹni tí a ń sìn lọ padà. Ṣùgbọ́n bíríkì kan là ní ara àtẹ̀gùn yàrà, ẹ̀rín jáde láti inú rẹ̀, ẹ̀rín gbẹ̀ǹgẹ́ tí n kò gbọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ó sì sáré tẹ̀ lé e wọ inú igbó.

Mo gbé ìbọn baba mi. Ó fúyẹ́ bí igi ìdáná gbígbẹ.

A ṣípà fún un ní ọjọ́ tí mo délé gan-an. Ẹ̀kán òjò àkọ́rọ̀ ń bọ́ lórí agbárí Olúọdẹ bí ó ti ń parí ìrèmọ̀jé. Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá mi, ó ní, “Ṣé àwọn ará ilé bàbá mi ni wọ́n tìtorí wọn mọ odi tí ó tó báyẹn? Àwọn tí ajá ń lé?” Ó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ó wọ aṣọ àdìrẹ rẹ̀ tí ó ti wà ní ìsàlẹ̀ àpótí.

Ní àṣálẹ́, nígbà tí òjò dá, ó jáde sí ẹ̀yìn ilé, ó dúró ní ibi tí súfèé ti máa ń dún. Kò sí ohun tí ó dún. Ìyá mi, tí n kò gbọ́ kí ó súfèé rí láyé mi, ká ètè rẹ̀ jọ, ó sì súfèé lẹ́ẹ̀kan, súfèé tí kò dán mọ́rán, tí afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ju ohùn lọ. Ó tẹ́tí. Ẹnìkan kò dá a lóhùn. Ó mi orí rẹ̀ bí ẹni tí ó gbọ́ ohun tí ó fẹ́ gbọ́, ó wọlé, ó sì gbé iṣu kaná.